Ikọ́ Tó Fẹ́ Gba Ìjókòó Mi Nínú Ọkọ̀

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló wà láyà rẹ, jókòó, fẹ̀yìn ti nǹkan, kí o gbọ́ tèmi. Mi ò wá bá ọ sunkún. Ayọ̀ ni mo gbé wá, ó sì pọ̀ débi pé bí mo bá ń sọ ìtàn yìí, ìyàwó mi a ní kí n rọra kí n má baà fò sínú ọ̀sà. Ikọ́ tí wọ́n ń pè ní ikọ́ ife yẹn, èmi náà ti gbé e rí. Mo gbé e kiri etí omi Àgbádárìgì, mo gbé e wọ ọkọ̀, mo gbé e sùn, mo sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Òun ti lọ. Èmi rèé.

Ìgbà ayé epo ni. Owó ń ṣàn nílùú bí omi òjò, wọ́n sì ń la títì ńlá láti apá Èkó bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Katapílà ń wú igi àgbọn bí ẹni ń wú èpò, ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ kí adìyẹ yé ẹyin. Gbogbo èwe ìgbà náà ló ń sá lọ síbi iṣẹ́ títì. Èmi ò lọ. Iṣẹ́ ẹja ni mò ń ṣe, eré ọkọ̀ sì ni ìgbéraga mi.

Ó yẹ kí o mọ bí eré ọkọ̀ ti rí ní àdúgbò wa kí ọ̀rọ̀ mi tó yé ọ. Ọkọ̀ eré kì í ṣe ti ẹnì kan. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ìjókòó tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ìjókòó ilé tiwa ni ti iwájú pátápátá, níbi tí gbogbo àwọn tó kù ti ń wo àjẹ̀ ẹni kí tiwọn tó wọ omi. Bàbá mi jókòó síbẹ̀ títí ó fi kú, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ìjókòó kò gùn: bí ọjọ́ eré bá dé tí ilé kan ò rí ọmọ ilé gbé síbẹ̀, ìjókòó bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn, ilé mìíràn ti gbà á, ó di tiwọn dé ọmọ-ọmọ. Nínú ilé tiwa, èmi nìkan ni ọkùnrin tó tó tukọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Onídìí-ọkọ̀, òun ló ń darí ọkọ̀ láti ìdí, ipò yẹn kò sì ṣeé fi sílẹ̀. Àwọn tó kù nínú ilé, obìnrin ni wọ́n àti ọmọ ọwọ́.

Nínú àwọn òyìnbó tó ń la títì, ọ̀kan wà tó jẹ́ ará Jámánì, Dìtá ni orúkọ rẹ̀. Ó ga, ó gbẹ, irun rẹ̀ dà bí okùn àgbọn. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù gbé àpótí gígùn kan wá sí etí omi wa. Òpó iná la pè é. Dìtá ṣí i, ó fa ọkọ̀ ojú omi kan jáde, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí imọ̀ àgbọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà, ìdí ẹni náà kò sì gbọdọ̀ tóbi. Àjẹ̀ gígùn méjì ló ní, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan. Òyìnbó wọ inú rẹ̀, ó wá kẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ!

Etí omi dàrú. Àwọn ọmọ ń fi orúkọ tí Ògù ń pe òyìnbó kígbe pé, “Yovó! Yovó! Ẹ̀yìn lò ń lọ o!” Ìyá kan tó ń yan ẹja ní, “Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ibi tó ń lọ ṣe é tó fi ń bínú sí i?”

Dìtá fa àjẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ọ̀gbẹ́ni, ọkọ̀ yẹn fò! Èmi tí mo ń pe ara mi ní atukọ̀, ẹnu mi là sílẹ̀. Kí n tó pa á dé, òyìnbó ti jìnnà. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti kọ lu àkájà, ìyẹn ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja ń rì mọ́ inú ọ̀sà kí ẹja lè fi ṣe ilé. Ọkọ̀ dojú dé. Mo tukọ̀ lọ bá a, mo fà á jáde, ewé wà lórí rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ojú rẹ̀. Láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, èmi á fi ọkọ̀ kékeré mi ṣíwájú, màá máa ké “Ọ̀tún! Òsì!”, òun á sì máa fò bọ̀ lẹ́yìn mi. Bí a bá sinmi létí iyanrìn lápá òkun, ó máa ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń da ọ̀dà sí títì ló ti kọ́ ọ, nítorí náà èébú ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó ní etí odò ni wọ́n bí òun sí. Láti ilé ìwé ló ti ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ló wá ń dá wà á, ó wà á títí ó fi borí gbogbo ará orílẹ̀-èdè rẹ̀, wọ́n sì fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn.

Mo bi í pé, “Kí ló dé tí ẹ fi kúrò lọ́dọ̀ àwọn méje tó kù, Ọ̀gá?”

Ó ju ìkarahun sómi. “Wọn ò fẹ́ mi mọ́,” ló sọ, ó sì dìde.

Ohun kan tó ń yà wá lẹ́nu ni pé kì í bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bó ti wù kí oòrùn mú tó. Àwọn ará etí omi ní ó ní ìrù.

Ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ mi bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ kékeré ni, kò tó èyí tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ kí ẹni. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ kò bá a lọ. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́. Bí oòrùn bá ti yẹ̀ díẹ̀, ibà á mú mi. Àwa atukọ̀ etí ọ̀sà wa sì ní àṣìṣe kan tó jẹ́ tiwa nìkan: bí atukọ̀ bá ń wúkọ́, a ó ní omi ọ̀sà tó ń ta sí i lójú ló wọ̀ ọ́ láyà. Ìwòsàn rẹ̀ ni kó túbọ̀ máa tukọ̀ gidigidi kí omi náà lè bá òógùn jáde. Nítorí náà, nígbà tí òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ẹní mi bí mo bá sùn, inú ìyá mi dùn! Ó fún aṣọ mi lójú gbogbo ayé, ó ní, “Ovi ṣie,” bẹ́ẹ̀ ni Ògù ń pe ọmọ mi, “omi náà ti ń jáde o!” A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá Onídìí-ọkọ̀ gbé ọtí sódabì tí wọ́n rẹ egbò igi sí wá, ó ní kí n mu ún kí omi lè sáré jáde. Mo mu ún. Sódabì dùn, ikọ́ pọ̀ sí i.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan mò ń ké “Ọ̀tún!” níwájú Dìtá, ikọ́ gé e mọ́ mi lẹ́nu. Ó dúró. Ó gbé àjẹ̀ méjèèjì lé ojú omi, ó yí ọrùn padà, ó ń tẹ́tí bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti òkèèrè.

“Sẹ̀tọ́njí, ikọ́ yẹn ti pẹ́?”

“Omi ọ̀sà ni, Ọ̀gá. Ó ti ń jáde.”

“O ń làágùn bí o bá sùn?”

“Ta ló sọ fún yín?”

“O ń rù. Wo ṣòkòtò rẹ, okùn àwọ̀n lo fi so ó.”

Ọ̀rọ̀ okùn àwọ̀n yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín fa ikọ́, ikọ́ fa nǹkan gbígbóná sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo wò ó. Ẹ̀jẹ̀ ni. Mo yára ti ọwọ́ bọ omi, ṣùgbọ́n ó ti rí i.

“Ọ̀la, ilé ìwòsàn,” ló wí.

“Ọ̀la, mo ní àwọ̀n láti fà.”

“Ọ̀la,” ó tún wí, pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn èébú tí àwọn ọlọ́dà kọ́ ọ.

Ó fi jíìpù gbé mi lọ sí Èkó lórí títì tí wọn ò tíì là tán. Láti Ìjàníkìn lọ, eruku pupa ni a jẹ ní oúnjẹ àárọ̀. Nílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń wo àyà, àwọn èèyàn ti tò yí ilé ká. Ikọ́ ń dáhùn ikọ́ láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì. Bàbá kan jókòó tì mí, agbádá rẹ̀ funfun, ó ní, “Èmi ò ṣàìsàn o. Àbúrò mi ni mo sìn wá.” Mo ní, “Ẹ kú ìsìn, sà.” Nígbà tó yá, wọ́n pe orúkọ kan, òun ló dìde. Ó rọra bojú wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ojú ń ti gbogbo wa níbẹ̀, ìwọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ojú tì mí ju bí ikọ́ ti dùn mí lọ. Má jẹ́ kí ìtìjú lé ọ kúrò lórí ìlà.

Wọ́n gbé àyà mi lé irin tútù, wọ́n ní kí n má mí, wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀. Dókítà gbé fọ́tò náà síwájú iná, ó fi ìka tọ́ka sí apá òkè lósì, níbi tó rí bí ewé tí kòkòrò ń jẹ.

“Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni.”

Etí mi dí. Ẹni tí mo mọ̀ tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ní àdúgbò wa, ahéré ni wọ́n kọ́ fún un lẹ́yìn ilé. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń ti àwo oúnjẹ sí i. Nígbà tó kú, wọ́n dáná sun ahéré náà. Ahéré yẹn ni mo rí nínú fọ́tò.

Dókítà fi ọwọ́ lu tábìlì. “Ó ṣeé wò! Ṣé o gbọ́? Ó ṣeé wò sàn pátápátá. Ṣùgbọ́n kì í tètè sàn. Ìtọ́jú rẹ̀ á lé ní ọdún kan. Wàá gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, wàá lo oògùn dé òpin, o kò ní pa ọjọ́ kan jẹ. O kò sì gbọdọ̀ wa ọkọ̀ títí a ó fi ní kí o wà á.”

“Dókítà, eré ọkọ̀ wa ńkọ́? Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni.”

“Bí o bá kú, ta ni yóò bá ọ wà á?”

Bí mo ti délé sọ ọ́, ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó dìde, ó ya àwo mi sọ́tọ̀, ó wo àwo náà títí, ó wá bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré wa ló là á lọ́yẹ̀ pé kì í ṣe àwo ló ń gbé e ran èèyàn, afẹ́fẹ́ ikọ́ nínú yàrá tó sé ni. Ó ní kí n máa fi aṣọ bo ẹnu bí mo bá ń wúkọ́, kí fèrèsé máa wà ní ṣíṣí, kí gbogbo ará ilé sì wá kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Gbogbo wọn lọ, kò sí ẹni tó ní in, a dúpẹ́. Ìyá mi gbé ẹní mi lọ síbi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń fẹ́.

Bàbá Onídìí-ọkọ̀ kò gbà. “Ikọ́ ẹ̀gbẹ kò sí nínú ìran wa. Àwọn ará òdìkejì omi ló fi nǹkan sórí ìjókòó wa. Wọn ò lè borí wa lórí omi, wọ́n wá gba abẹ́ ìdí wọlé.” Ó bu ẹ̀bu dúdú kan wá, kí n máa lá a. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá láti Kankon, ó gbé èpo igi wá. Aládùúgbò gbé òróró wá. Ilé wa di ọjà oògùn. Ìyá mi, tí kò fẹ́ ṣẹ ẹnikẹ́ni, ní kí n máa gba abẹ́rẹ́ láàárọ̀ kí n máa lá ẹ̀bu nírọ̀lẹ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí oògùn ilé ìwòsàn ń bá a jáde, nọ́ọ̀sì ní, “Ìyá, nínú ìkòkò kan, ọwọ́ mélòó ló yẹ kó máa fi iyọ̀ sí i?” Ìyá mi kó gbogbo rẹ̀ dà sẹ́yìnkùlé. Òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wá owó ọkọ̀ mi, ẹyin mi àti mílíìkì mi. Lọ́jọ́ kan mi ò rí aṣọ òfì rẹ̀ mọ́, mo bi í, ó ní eku jẹ ẹ́.

Abẹ́rẹ́! Jẹ́ kí n sọ ti abẹ́rẹ́, kí o má baà rò pé mo ń tàn ọ́. Ìdí mi le bí àgbọn gbígbẹ. Atukọ̀ tí kò lè jókòó, ìyẹn ni mo dà.

Nọ́ọ̀sì á ní, “Apá wo lónìí?”

“Kò sí ibi tó kù mọ́, Mà.”

“Ó kù. Ọlọ́run kò fi tìrẹ ṣahun. Yí padà.”

Nígbà tó yá, etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ìgbì òkun. Mo sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì pa abẹ́rẹ́ náà dà. Bí ohun kan bá yí padà lára rẹ, sọ ọ́ fún wọn. Má dá ara rẹ lóhùn.

Díẹ̀díẹ̀ ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í tù mí. Ẹní mi gbẹ. Mo jẹ ẹ̀bà, mo tún béèrè. Okùn àwọ̀n kúrò nídìí ṣòkòtò. Bí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n gbé ọkọ̀ eré jáde tí wọ́n ń kùn ún, ara mi ń dán. Mo gbé àjẹ̀ bàbá mi, mo fi wọ omi ní ẹ̀ẹ̀kan péré létí ibẹ̀. Háà! Mo fẹ́ sunkún. Ibí gan-an ni ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ń pa èèyàn, kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń rù. Gbogbo ara ń sọ fún ọ pé o ti yá.

Bàbá Onídìí-ọkọ̀ pe ìpàdé sí àgbàlá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. “Ẹ wo ọmọ yìí! Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! Kí ni abẹ́rẹ́ kù láti ṣe? Kó sinmi oògùn títí eré yóò fi kọjá, nítorí abẹ́rẹ́ ń sọ apá di rírọ̀. Bí ó bá tukọ̀ tán, kó padà síbẹ̀ bó bá wù ú. Sẹ̀tọ́njí, kí lo rí sí i?”

Òótọ́ ni màá sọ: ó dùn mọ́ mi. Mo ti la ẹnu láti gbà nígbà tí Dìtá wọlé. Ìyá mi ló ránṣẹ́ pè é.

Ó dúró níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá mi. “Ìwọ Bàbá, o fẹ́ pa ọmọ.”

“Ta ni ò ń pè ní ìwọ?”

“Ẹ má bínú sí i,” ìyá mi yára sọ. “Àwọn ọlọ́dà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.”

Dìtá bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa. Láti abẹ́ apá rẹ̀ lápá òsì ni àpá gígùn kan ti bẹ̀rẹ̀, ó yí lọ sí ẹ̀yìn. Ìhà rẹ̀ ọ̀hún sì jìn wọnú, nítorí pé egungun kò sí níbẹ̀. Bàbá Onídìí-ọkọ̀ dìde, ó sún mọ́ ọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọ inú kòtò náà. Ọwọ́ rẹ̀ bá a mu.

“Ta ló ṣe ọ́ báyìí?”

“Èmi ni.”

Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún mi létí iyanrìn. Ó ní lẹ́yìn ogun tó jà nílùú wọn, ikọ́ ẹ̀gbẹ mú òun nígbà tí òun ṣì ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Wọ́n gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn orí òkè, kí òun sinmi nínú atẹ́gùn tútù. Ara tù ú. Eré kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjókòó rẹ̀ sì ṣófo nínú ọkọ̀. Ó gba ojú fèrèsé jáde, ó lọ wà á. Wọ́n borí! Wọ́n dé òpin, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń hó, òun wó lé àjẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń tú lẹ́nu rẹ̀. Kó má baà kú ni wọ́n ṣe gé egungun ìhà rẹ̀ kúrò tí wọ́n pa apá kan àyà rẹ̀ tì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ kankan tó gbà á. Ó dá kọ́ ara rẹ̀, ọdún lórí ọdún, àwọn èèyàn ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, títí ọjọ́ kan tí kò sí ẹni tó gba iwájú rẹ̀ kọjá mọ́.

“Àmì-ẹ̀yẹ wà nílé mi,” ó ní. “Ṣùgbọ́n àwọn méje yẹn, mi ò tún bá wọn jókòó mọ́ láyé.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò yọ ọwọ́. “Ìhà kan ni o fi ń fò báyẹn?”

“Ìhà kan.”

“Háà.” Ó padà jókòó, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. “Mo ti gbọ́. Ọmọ kò ní tukọ̀. Ṣùgbọ́n ìjókòó bàbá rẹ̀ ti lọ nìyẹn.”

Ìyá mi ló wá sọ̀rọ̀, ìyá mi tí kì í sọ̀rọ̀ níbi tí àwọn ọkùnrin bá jókòó sí. “Ọmọ ilé ni òfin wí. Kò wí pé ọmọ bíbí.”

“Kí lo wí?”

“Àlejò tí olórí ilé bá fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó jẹun nínú ìkòkò ilé, ọmọ ilé ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe gba èmi gan-an wọlé?”

Gbogbo ojú yí sí Dìtá. Ó ń wọ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò mọ ohun tí a ń sọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láti inú ikùn. “Ẹ bu omi wá!” Ó fọ ẹsẹ̀ òyìnbó lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹsẹ̀ yìí gùn ju ilé lọ!” Ìyá mi bu oúnjẹ fún un, wọ́n sì sọ ọ́ ní Akẹ̀yìnsọ́nà.

Ọjọ́ eré dé. Gbogbo Àgbádárìgì wà létí omi, àwọn ará ìlú Apá wà níbẹ̀, àwọn kan gun igi. Bí Dìtá ti yọ pẹ̀lú àjẹ̀ bàbá mi lọ́wọ́, àgbà tó ń ṣàkóso eré dá wọn dúró.

“Kí nìyí?”

“Ọmọ ilé mi ni,” Bàbá Onídìí-ọkọ̀ dáhùn.

“Ó ṣe funfun báyìí?”

“Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó rí oòrùn.”

Ẹ̀rín bú. Àwọn àgbà gbé orí jọ, wọ́n bi Dìtá bóyá wọ́n fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n bi í bóyá ó jẹun nílé, ó ní òun jẹ. Ó di ọmọ. Dìtá wọ ọkọ̀, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí iwájú! Òun àti ẹni tó jókòó tẹ̀ lé e ń wo ara wọn ní imú. Mo rò pé etí omi yóò ya lulẹ̀ fún ẹ̀rín. “Akẹ̀yìnsọ́nà, yí padà!” ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ké láti ìdí ọkọ̀, ó sì yí padà, etí rẹ̀ pọ́n bí ata.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àjẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ ń bu omi lu ara rẹ̀, ọkọ̀ wa wà lẹ́yìn. Dókítà ti ní kí n má ké, mo ti aṣọ bọ ẹnu, mò ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ìyá mi ń ké fún àwa méjèèjì. Lójijì ó mú un! Mo rí i tí èjìká rẹ̀ balẹ̀, tí àjẹ̀ wọ omi láìta, tí gbogbo àjẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì wọlé pọ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn. Ọkọ̀ wa gbé imú sókè. A kọjá ọ̀kan. A kọjá èkejì! Ó ku ti àwọn ará òdìkejì omi, a fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ wọn, àwọn èèyàn ti ń wọ omi taṣọtaṣọ… Imú ọkọ̀ lásán ni wọ́n fi ṣáájú wa.

Ipò kejì la gbà, ariwo wa sì ju ti ẹni kìíní lọ. Àgbà tó ń ṣàkóso na ọwọ́ sí ìjókòó iwájú, ó ní ó ṣì jẹ́ ti ilé wa. Bàbá Onídìí-ọkọ̀ jó títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sómi. Dìtá wá sọ́dọ̀ mi, ó ń mí hẹ̀hẹ̀. Ó ní, “Wọ́n gbà mí jókòó.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo ti wà lórí ìlà kí nọ́ọ̀sì tó ṣílẹ̀kùn.

Mo lo oògùn náà dé òpin. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ó sú mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹ́ dà á sí ọ̀sà, n ò purọ́. Mi ò dà á. Nígbà tí dókítà gbé fọ́tò tuntun síwájú iná, ibi tí kòkòrò ti ń jẹ ti di àpá. Nọ́ọ̀sì ní, “Ó parí. N ò fẹ́ rí ìdí yẹn mọ́.” Àsìkò eré tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo jókòó síwájú. Bí a ti ṣe nínú eré náà, lọ bi àwọn ará òdìkejì omi. Ojú ṣì ń tì wọ́n láti sọ ọ́.

Títì parí, owó epo gbẹ, Dìtá padà sílùú rẹ̀, ó sì dun gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti sùn, ìyá mi ti darúgbó, ó ṣì ń bi mí bóyá mo jẹun. Èmi ti ní ewú. Bí ọyẹ́ bá fẹ́, apá òsì àyà mi a máa fún díẹ̀, bí mo bá sì sáré, mo máa ń dúró mí. Ìyẹn nìkan ló kù. Mo ń fa àwọ̀n, mo bí ọmọ, mo sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àjẹ̀ wọ omi. Ẹni tó bá wúkọ́ láàárín wọn tó ní omi ọ̀sà ni, èmi fúnra mi ni mo ń gbé e lọ. Oògùn rẹ̀ ti rọrùn ju ti ayé ìgbà wa lọ, kò sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, bí ojú bá ń tì ọ́ láti dá lọ, wá, màá bá ọ tò. Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn tò, mo mọ bẹ́ǹṣì tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Lọ lọ́jọ́ tí ara bá ń ro ọ́. Lọ lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀. Lọ́jọ́ tí ara bá sì wá tù ọ́, tí oúnjẹ dùn, tí gbogbo ilé ń yìn ọ́ pé o ti yá, ọjọ́ náà gan-an ni kí o tètè débẹ̀.